Ìwọ̀fà, Ìdógò àti Oko Kòkó: Ìtumọ̀ Gbèsè ní Ìwọ̀ Oòrùn Èkìtì

Ẹni tí ó bá ń ka ìtàn àwọn Yorùbá kò gbọdọ̀ pe ìwọ̀fà ní ẹrú. Òótọ́ ni pé olówó ni àwọn méjèèjì ń pe ẹni tí wọ́n ń sìn, ibẹ̀ gan-an sì ni àṣìṣe ti ń wọlé. Rírà ni a ń ra ẹrú, tàbí kí a mú un lógun. Ọmọ bíbí inú ìlú ni ìwọ̀fà. Agbára rẹ̀ ni ó fi yá owó, kò ta ara rẹ̀.

Láyé ogun Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn, èyí tí àdéhùn 1886 pẹ̀tù sí, ohun tí ó lè sọ ènìyàn di ìwọ̀fà pọ̀: owó ìràpadà ẹni tí ogun kó, ìnáwó òkú, owó ìtanràn. Samuel Johnson ṣàlàyé àṣà yìí nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921. Iṣẹ́ ìwọ̀fà ni èlé owó náà. Ẹni tí ó yá ọ̀kẹ́ owó kan, ìyẹn 20,000 owó ẹyọ, bí ó fi ọdún mẹ́wàá sin olówó, ọ̀kẹ́ kan náà ni yóò kà sílẹ̀ kí ó tó bọ́. Ṣùgbọ́n òfin dáàbò bò ó pẹ̀lú: bí olówó bá ba ọmọbìnrin tí a fi yá owó lò pọ̀, gbèsè parẹ́ nìyẹn.

Gbèsè kì í sì í ṣe ti ẹnì kan. Ológò tí a rán lọ dógò ti onígbèsè yóò jókòó sínú ilé, yóò máa pariwo, yóò sì pa ẹran ọ̀sìn tí ó bá bá níbẹ̀ jẹ, ìbáà ṣe ti ará ilé mìíràn. Gbogbo agboolé ni yóò sá wá owó.

Láàárín 1920 sí 1940 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin dá ìwọ̀fà dúró. Òfin lè gba ọmọ lọ́wọ́ olówó. Kò gba àìní lọ́wọ́ bàbá ọmọ. Ní Ìjerò, Àrámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n, kòkó ti ń gbilẹ̀, igi kòkó sì bọ́ sí ipò ìwọ̀fà. Olówó a máa ká èso igi náà bí èlé, iye tí ó yáni kò sì ní dín.

Ìlànà tí kóòtù gbà ni pé ilẹ̀ tí a fi dógò kì í di títà, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó. Èyí dára, ṣùgbọ́n ó bí ìjà. Náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní 1973. £50 tí bàbá kan yá ṣáájú ìgbà náà di ₦100. Bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá kó ₦100 dé lónìí láti gba oko, ta ni yóò gbà á tẹ̀rín-tẹ̀rín? Ọmọ olówó yóò sọ pé bàbá òun ra oko náà ni. Kóòtù yóò béèrè iye owó àti ẹlẹ́rìí, àwọn ẹlẹ́rìí ti kú, wọn kò sì kọ ohunkóhun sílẹ̀.