Ayédèrú Ìdánimọ̀ nínú Àkọsílẹ̀ Ayé Òwò Ẹrú àti Ìpalára Rẹ̀ fún Ìtàn Ìran

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Orúkọ, oríkì àti orílẹ̀ ni a fi ń mọ orísun ènìyàn. Òwò ẹrú ba ètò yìí jẹ́. Síbẹ̀, orúkọ tí a pààrọ̀ kọ́ ni ayédèrú. Nígbà tí Àjàyí ọmọ Òṣoogùn ṣe ìrìbọmi ní Sàró ní 1825, ó gba orúkọ Samuel Crowther, àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n kò sọ Àjàyí nù. Ní 1846, òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta. Ti Kúbà yàtọ̀.

Jìbìtì Havana
Ní 1817, Gẹ̀ẹ́sì àti Sípéènì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn láti fòpin sí òwò ẹrú. Ilé-ẹjọ́ àjùmọ̀ní tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Havana ń dá àwọn tí wọ́n bá nínú ọkọ̀ ẹrú sílẹ̀. Láàrin 1824 sí 1841, orúkọ irú wọn tó lé ní 10,000 ni wọ́n kọ sínú ìwé: orúkọ ìbílẹ̀, orúkọ ìrìbọmi, ọjọ́ orí àti ẹ̀yà. Ọmọ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Lukumí, wà nínú wọn.

Òmìnira wọn kò dójú ilé. Wọ́n fi wọ́n sábẹ́ olóko àti ará ìlú láti máa ṣiṣẹ́ fún iye ọdún kan. Bí ẹrú olóko kan bá kú, olóko a máa sọ fún ìjọba pé ẹni òmìnira ló kú. Wọn a sin ẹrú náà ní orúkọ ẹni òmìnira, ẹni òmìnira a sì jogún orúkọ òkú pẹ̀lú oko ẹrú rẹ̀. Alààyè di òkú nínú ìwé.

Ìpalára rẹ̀
Ọmọ-ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó bá ń wá ìran rẹ̀ yóò bá orúkọ àjèjì pàdé, bóyá ti ẹ̀yà mìíràn pàápàá. Orúkọ baba ńlá rẹ̀ gan-an yóò parí sí “ó kú”, bí ẹni tí kò bímọ. Nítorí náà, olùwádìí gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ pé: ta ni àkọsílẹ̀ yìí ṣe láǹfààní? Àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, tí olóko kò tíì lérè nínú rẹ̀, súnmọ́ òtítọ́ ju ìròyìn ikú tí olóko fúnra rẹ̀ mú wá lọ.

Àgbálọgbábọ̀
Olùkọ́ tó bá ń kọ́ni ní Akoka, Ṣómólú tàbí Bàrígà lè bá ọmọ Sàró àti Àgùdà tó ń jẹ́ Cole tàbí da Silva pàdé. Kí ó má fi orúkọ nìkan dá wọn mọ̀. Kí ó béèrè oríkì àti orílẹ̀ wọn, kí ó sì fi ìwé àti ẹnu àgbà yẹ ara wọn wò.