Fòní-kú-fọ̀la-dìde: Ta ni Oògùn Wà Fún?

Ta ni kò mọ Málọmọ́, Dúrójayé àti Kòsọ́kọ́? Orúkọ àbíkú ni wọ́n. Ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, tí eegun ń ro nígbà ọyẹ́, a ní ẹgbẹ́ ọ̀run ló ń pè é.

Ní 1910, Dókítà James Herrick ní Chicago kọ̀wé nípa akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Grenada, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Ohun tuntun ni lójú òyìnbó. Àwa ti ń sin ọmọ nítorí rẹ̀ tipẹ́. Bí bàbá bá jẹ́ AS, tí ìyá náà jẹ́ AS, nínú oyún mẹ́rin, a lè rí SS kan. Kì í ṣe iṣẹ́ àjẹ́ rárá.

Ṣé àwa kò ní oògùn ni? A ní. Ìdílé Ògúnyalé ní àgbo kan: ìyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà. Àjọ NIPRD ní Abuja yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sọ ọ́ ní Niprisan. Ní 2002, wọ́n gbé e fún ilé iṣẹ́ Xechem ní Amẹ́ríkà. Ní 2008, gbèsè gbé Xechem ṣubú, ọwọ́ aláìsàn sì ṣófo.

Àìsàn kan wà tó wọ́pọ̀ lára òyìnbó, cystic fibrosis, tó ń dí ẹ̀dọ̀fóró. Òun náà, láti ara òbí méjèèjì ló ti ń wá. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ní i kò tó ìdajì àwọn tó ní fòní-kú-fọ̀la-dìde. Síbẹ̀, owó ìwádìí tí wọ́n ń ná lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn pọ̀ jù fíìfíì. Ní Disẹ́ḿbà 2023, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Casgevy, ìtọ́jú tuntun fún fòní-kú-fọ̀la-dìde. Iye rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là! Ta ló fẹ́ rà á ní Mọ̀pà?

Ní 1952, àwọn míṣọ́nnárì SIM dá ilé ìwòsàn sílẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀, wọn kò dúró de ìlú ńlá. Ohun tí ìyá ń fẹ́ kò ju èyí lọ: kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò nígbà tí wọ́n bí i, kí pẹnisilíìnì, oògùn ibà àti hydroxyurea wà nítòsí, ní iye tí àgbẹ̀ lè san. Bí a bá ṣe èyí, Dúrójayé yóò dúró lóòótọ́.