Ọjọ́ Kẹtàlélógún Oṣù Kẹsàn-án

Ẹ̀yin ọmọ Ògòtún, ẹ̀yin tí àwọn ìyá yín fi owó ẹní híhun rán lọ sí ilé ìwé, ẹ tẹ́ ẹní kan sílẹ̀ kí ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan ni mo gbé dé, ọjọ́ tí kò yẹ kí ọmọ Èkìtì jẹ́ kó kọjá bí ọjọ́ lásán.

Ọjọ́ àrà ni! Nítòsí rẹ̀ lọ́dọọdún ni oòrùn máa ń ré ìlà agbedeméjì ayé kọjá, tí ọ̀sán àti òru á fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn bákan náà káàkiri ayé. Ní òru ọjọ́ náà, ọdún 1846, ní ìlú Berlin, Johann Galle, onímọ̀ ìràwọ̀, gbé ojú sókè, ó sì rí plánẹ́ẹ̀tì Neptune nítòsí ibi tí Le Verrier ará Faransé ti fi ìṣirò orí ìwé tọ́ka sí. Wọ́n mọ ibùgbé rẹ̀ kí wọ́n tó mọ ojú rẹ̀!

Ó pé ogójì ọdún géérégé, ní Ọjọ́bọ̀ kan lọ́dún 1886, nígbà tí èyí tó ya èmi lẹ́nu jù ú lọ ṣẹlẹ̀ láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Láti nǹkan bí 1878 ni bùdó Ìbàdàn àti bùdó Èkìtìparapọ̀ ti dojú kọ ara wọn. Àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi ń ṣàkóso ìlú wọn ló fi ojú ará Èkìtì rí màbo, títí Fábùnmi Òkè-Mẹ̀sí fi yọ idà, tí Ògèdèǹgbé Iléṣà sì di olórí ogun. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń ṣòwò l'Ékòó fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé. Nígbà tí ìbọn ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í dún kírìjì, kírìjì, orí òkè ń dá a lóhùn, ogun sì ti gba orúkọ. Bùdó pẹ́ títí ó di ìlú: wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n dáko síbẹ̀, wọ́n bímọ síbẹ̀. Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, fúnra rẹ̀ kú sí ojú ogun ní 1885.

Ta ló wá là wọ́n? Àwọn àlùfáà méjì tí kò mú ìbọn dání, Samuel Johnson àti Charles Phillips! Àwọn ni wọ́n ń gbé lẹ́tà Moloney, Gómìnà Èkó, láti bùdó dé bùdó. Àdéhùn wà nílẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹfà ọdún 1886. Ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù Kẹsàn-án, Higgins àti Smith tí ìjọba Èkó rán wá kéde àlàáfíà. Èkìtì bọ́ lọ́wọ́ ajẹ́lẹ̀. Àwọn ọba Èkìtì mẹ́rìndínlógún, tí Ológòtún wà lára wọn, kì í ṣe ẹrú Ìbàdàn mọ́. Lóòótọ́, ó di 1893, nígbà ayé Gómìnà Carter, kí ọmọ ogun Ìbàdàn tó padà sílé tán.

Ẹ̀yin olùkọ́ ní Ògòtún, Ìlawẹ̀ àti Ìgbàrà-Odò, tí ọjọ́ náà bá tún yí po, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ ọ́ sí ojú pátákó láàárọ̀. Ẹ kọ bùdó, ajẹ́lẹ̀ àti àdéhùn sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì bi àwọn ọmọ pé, ta ni Fábùnmi?