Láti Challenge dé Ahoro Ọ̀yọ́ Ilé

Kò sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí kò tíì gbọ́ nípa àwọn ará Róòmù. Àwọn aláwọ̀ funfun a máa fi àkókò ìsinmi wọn rin ìrìn àjò lọ sí ìhà gúúsù ilẹ̀ Faransé, níbi tí oòrùn ti ń ràn dáadáa, láti lọ wo ohun tí àwọn ará Róòmù kọ́ síbẹ̀. Ní ìlú Arles, ilé ìwòran tí wọ́n fi òkúta kọ́ ní nǹkan bí 1,900 ọdún sẹ́yìn ṣì wà, àwọn ènìyàn sì ń jókòó nínú rẹ̀ wòran títí di òní. Afárá omi tí wọ́n ń pè ní Pont du Gard ṣì dúró gbọnin lórí odò, gíga rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 50. Nígbà tí mo ka èyí, mo bi ara mi pé, ahoro wo ni èmi ọmọ Ìlọrin lè lọ wò láìwọ ọkọ̀ òfuurufú? Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Ahoro Ọ̀yọ́ Ilé wà nínú igbó ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn ìlú wa, kò sì tó ìrìn ọjọ́ kan nínú ọkọ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo yàn, nítorí pé bí òjò bá ti ń rọ̀, koríko ibẹ̀ a máa ga ju ènìyàn lọ, omi a sì máa dí ọ̀nà. Mo dé Challenge ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí àwọn tí ń tajà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pàtẹ, tí àwọn ọmọ ọkọ̀ sì ti ń pe èrò. Awakọ̀ kan tí orí rẹ̀ ti funfun wò mí títí, ó ní:

“Ọmọ mi, ṣé òkúta máàbù ni o ń lọ rà ní Ìgbẹ́tì ni?”

“Rárá o, bàbá. Ahoro Ọ̀yọ́ Ilé ni mo fẹ́ lọ wò.”

“Ahoro Ọ̀yọ́! Bí ó bá jẹ́ ti Ọ̀yọ́, kí ni ti ọmọ Ìlọrin níbẹ̀?”

Àwọn èrò rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò rí èsì fọ̀ títí ọkọ̀ fi gbéra.

Ọ̀dàn ni ọ̀nà náà gbà já. Oòrùn mú ganrínganrín, igi òrí àti igi irú dúró ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, koríko ti gbẹ, iná ọdẹ sì ti jó òmíràn. Kò pẹ́ tí àwọn òkè Ìgbẹ́tì fi yọ lókèèrè, àpáta ńláńlá tí ó dúdú lórí ilẹ̀ tí ó pọ́n. Láti Ìgbẹ́tì ni a ti ń wọ inú ọgbà ẹranko tí ìjọba sọ di ti orílẹ̀-èdè ní 1991, tí ilẹ̀ rẹ̀ tó kìlómítà onígun mẹ́rin 2,512. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá wọ ibẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ gbọdọ̀ gba àyè lọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣọ́ ọgbà náà, kí wọ́n sì mú un lọ.

Bí o bá ń retí òpó òkúta bíi ti Róòmù, ojú rẹ yóò kọ́kọ́ já ọ kulẹ̀. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni ebè gàgàrà tí ó gùn lọ nínú igbó, tí yàrà sì bá a lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyẹn ni odi. Àpáàdì kún ilẹ̀ bí èèpẹ̀. Lórí àpáta, o ó rí ojú ọlọ tí ó ti jìn kòtò, níbi tí àwọn ìyá ti lọ nǹkan fún ọ̀pọ̀ ọdún. Igi osè ńláńlá dúró níbi tí ilé wà nígbà kan rí. Láti 1956 sí 1957 ni Frank Willett ṣe ìwádìí níbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Robert Soper àti Patrick Darling wọn àwọn odi náà, wọ́n sì rí i pé kì í ṣe odi kan ṣoṣo. Ní 1983, Babatunde Agbaje-Williams parí ìwé ìwádìí rẹ̀ lórí ahoro náà ní Yunifásítì Ìbàdàn.

Ẹni tí ó rí ìlú náà nígbà tí ó ṣì kún fún ènìyàn tí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ni Hugh Clapperton, ará Skọ́tíláǹdì. Láti Badagry ni ó ti gbéra, ó ń lọ sí Sókótó, ó sì dé Ọ̀yọ́, tí àwọn Hausa ń pè ní Katunga, ní oṣù January 1826. Aláàfin Májòtú ni ó wà lórí oyè. Ó wà níbẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó kọ ọ́ pé odi ìlú ga tó ẹsẹ̀ bàtà 20, pé yàrà yí i ká, pé ẹnubodè 10 ni ó ní, àti pé ẹni tí ó bá rìn yí i po yóò rin nǹkan bíi máìlì 15. Ó rí òpó gbígbẹ́ tí wọ́n ya òjòlá sí lára níbi tí ó ti ń pa ẹran, àti àwọn jagunjagun pẹ̀lú onílù wọn. Ó tún wo egúngún alárìnjó. Ọ̀kan nínú wọn ṣe òjòlá, òmíràn sì ṣe òyìnbó, ó ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀, gbogbo ìlú sì ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí òyìnbó ń wo Ọ̀yọ́ ni Ọ̀yọ́ náà ń wo òyìnbó.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan. Ní oṣù May 1830, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn èyí, Richard Lander, tí ó ti jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ Clapperton, padà wá pẹ̀lú John àbúrò rẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ nípa odi náà ni pé wọ́n ti jẹ́ kí ó máa wó, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òkìtì erùpẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, Aláàfin ṣì wà láàfin, ọjà ṣì ń ná, ọ̀tá kò sì tíì wọ ìlú.

Níbí ni ahoro tiwa ti yàtọ̀ sí ti Róòmù. Òkúta kò nílò ẹni tí yóò máa rẹ́ ẹ. Ìjọba Róòmù parun, afárá rẹ̀ sì dúró. Amọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òjò ọdọọdún a máa jẹ odi amọ̀; bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹnìkan ní láti pe àwọn ènìyàn jọ, àwọn ènìyàn sì ní láti jẹ́ ìpè náà. Bí odi amọ̀ bá dúró, a mọ̀ pé ìlú gbọ́ràn sí ara wọn lẹ́nu. Bí ó bá ń wó nígbà tí ọ̀tá ń bọ̀, a mọ̀ pé àárín ìlú ni ó kọ́kọ́ fọ́.

Fífọ́ náà kò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Baṣọ̀run Gáà ti fi agbára mú Aláàfin kan tẹ̀lé òmíràn kú, kí Abíọ́dún tó rẹ́yìn rẹ̀ ní 1774. Lẹ́yìn Abíọ́dún ni Aólẹ̀ jẹ, àwọn ìjòyè rẹ̀ sì dìtẹ̀ mọ́ ọn. Ìtàn sọ pé kí ó tó kú, ó ta ọfà sí ọ̀nà mẹ́ta, ó sì fọ́ àwo mọ́lẹ̀, nítorí pé igbá tí ó fọ́ ṣe é rán, ṣùgbọ́n àwo tí ó fọ́ kò ṣe é tún ṣe. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ti jókòó sí Ìlọrin, kò sì fẹ́ gbọ́ ti Ọ̀yọ́ mọ́. Ó ké sí Ṣéhù Àlímì láti ràn án lọ́wọ́, ó sì kó àwọn ẹrú Hausa jọ ṣe ọmọ ogun. Ní nǹkan bíi 1824, àwọn ọmọ ogun náà gan-an ni wọ́n pa á, Abdulsalami ọmọ Àlímì sì di ẹ̀mía àkọ́kọ́ ní Ìlọrin.

Ìgbà kan wà rí tí Ọ̀yọ́ ti kọ́kọ́ tú. Àwọn Tápà ni wọ́n lé wọn, àwọn ọba sì ń jẹ ní Ìgbòho títí ó fi kan Abípa, tí ó ní dandan ni kí àwọn padà. Àlùfáà Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn rẹ̀ jáde ní 1921, kọ ọ́ pé àwọn ìjòyè tí Ìgbòho ti mọ́ lára kó àfín, abuké àti arọ lọ sórí òkè ní ahoro náà kí wọ́n máa ṣe bí iwin, kí ẹ̀rù lè ba ọba. Ọba rán àwọn ọdẹ, wọ́n sì mú gbogbo wọn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Abípa ní Ọba Mọ̀rọ̀. Ó padà, ó sì tún ìlú ṣe.

Ní ẹ̀ẹ̀kejì, kò sí Abípa mọ́. Ní nǹkan bíi 1836, Aláàfin Olúewu àti àwọn Bàrìbá tí ó wá ràn án lọ́wọ́ gbógun ti Ìlọrin, ogun náà fọ́ mọ́ wọn lórí, ọba sì kú. Àtìbà tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ kò padà sí Ọ̀yọ́ Ilé. Àgọ́ Ọ̀jà ni ó sọ di Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí. Johnson sọ fún wa pé wọn kò lé àwọn ará ìlú náà jáde pẹ̀lú idà lẹ́yìn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń kó lọ, tí àwọn mìíràn ń padà wá léraléra láti ru ẹrù wọn, títí Lánlókè ará Ògòdò fi gbọ́ pé ìlú ti dá, tí ó sì wá kó ìyókù. Àwọn kan lọ sí Kìṣí, àwọn kan lọ sí Ìgbòho. Àwọn kan tilẹ̀ wá sí Ìlọrin.

Nígbà tí mo dúró lórí ebè odi náà tí mo rántí ọ̀rọ̀ yìí, ìyá ìyá mi ni ó sọ sí mi lọ́kàn. Ìlọrin ni a bí i sí, Ìlọrin ni ó kú sí, síbẹ̀ bí ó bá jí mi láàárọ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ ni ó máa ń kì mí. Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé. Ó ní, “Ibẹ̀ ni wọ́n ti ru ẹrù wá.” Ọmọdé ni mí, n kò bi í ní ìkejì.

Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó tún sọ̀kalẹ̀ ní Challenge. Mo wá awakọ̀ àárọ̀ náà kí n lè dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ó ti lọ ilé. Èsì tí n ó bá fún un nìyí: Bàbá, ìlú tí àwọn ará ibùdó wa bá jà ni, ìlú tí àwọn mìíràn nínú baba wa ti sá wá ni pẹ̀lú. Tọ̀tún tòsì ogun náà ni ó bí wa. Ẹni tí ó bá ní Ìlọrin kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Ọ̀yọ́, kí ó kọ́kọ́ lọ bi ìyá rẹ̀ àgbà léèrè oríkì ilé wọn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, òjò ọdún tí ń bọ̀ yóò tún jẹ nínú ebè náà, a kò sì lè dá òjò dúró. Ṣùgbọ́n ní ìsinmi yìí, nígbà tí ẹ bá délé, ẹ bi àwọn àgbà pé níbo ni wọ́n ti ru ẹrù wá, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi kò bi tèmi ní ìkejì, ó sì ti sùn.