Tàdáwà àti Àyè Funfun: Ìjọra Kì í Ṣe Ìbátan

Ẹni tí ó bá gba Òpópónà Bajulaiye kọjá mọ̀ pé iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni a fi ń mọ Ṣómólú. Lójú òǹtẹ̀wé, àyè funfun tí ó ṣẹ́ kù lára ìwé lè dà bí ìfowóṣòfò. Ọ̀rọ̀ mi dá lórí àwọn ayàwòrán tí wọ́n ka àyè náà sí ara iṣẹ́ wọn.

Láti Ṣáínà ni àwọn mọ́ńkì ẹ̀sìn Búdà, ẹ̀ka Zen, ti mú àwòrán onítàdáwà wọ Jàpáàn, kí ẹni tí ó ń wò ó lè jókòó jẹ́ẹ́ kí ó ronú. Dúdú tí èéfín iná ń fi sílẹ̀, tí a fi gọ́ọ̀mù awọ ẹran pò, ni tàdáwà náà. Orí òkúta ni a ti ń fi omi lọ̀ ọ́. Sesshū Tōyō lọ sí Ṣáínà ní 1467, ó sì padà ní 1469. Ní 1495, ó ya òkè àti omi fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí ó ń padà sílé. Tàdáwà díẹ̀ ni ó lò. Ojú òǹwòran ni ó ń parí ìkùukùu àti òkè náà.

Ní ilẹ̀ wa, Uche Okeke (1933–2016) fi gègé àti tàdáwà ya ọ̀wọ́ àwòrán tí ó ń jẹ́ Oja Suite ní 1962. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ìyókù funfun. Ẹlòmíràn yóò yára sọ pé ọ̀dọ̀ ará Jàpáàn ni ó ti kọ́ ọ. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Okeke fúnra rẹ̀ tọ́ka sí uli, ọnà tí àwọn obìnrin Ìgbò ń fi oje igi yà sí ara. Ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n yà. Ibi tí uli kò kàn lára jẹ́ apá kan ọnà náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni aládìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn: ibi tí ó bá fi ẹ̀kọ yà ni aró kì í mú. Àyè tí kò mu aró gan-an ni ọwọ́ rẹ̀ yà.

Kí wá ni ìyàtọ̀? A mọ orúkọ Sesshū, a mọ ọdún iṣẹ́ rẹ̀. Uli kì í pẹ́ parẹ́ lára, orúkọ ọ̀pọ̀ àwọn tí ó yà á sì bá a lọ. Òpìtàn tí ó bá ka ìjọra sí ìbátan láìbéèrè ẹ̀rí ń gba ogún lọ́wọ́ onílé, ó ń fi í fún àlejò. Ojúṣe wa ni láti kọ orúkọ àwọn ìyá tí ó kù sílẹ̀, nígbà tí wọ́n ṣì lè fi ẹnu ara wọn sọ ọ́.