Àwòrán Ilé Kan ní Dichemso

Ní oṣù Kejìlá ọdún tó kọjá, èmi, àbúrò mi obìnrin àti bàbá wa dúró níwájú ilé kan ní Dichemso, nílùú Kumasi. Ilé náà rí gẹ́lẹ́ bí a ṣe rí i lórí fóònù. Ṣùgbọ́n onílé kò mọ̀ wá rí, kò sì fi ilé rẹ̀ háyà fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó gba owó ọ̀sẹ̀ méjì lọ́wọ́ wa ti pa fóònù rẹ̀.

Bàbá wa ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún. Kumasi ni wọ́n ti bí wọn. Wọ́n kúrò níbẹ̀ lọ́dún 1969, wọn ò sì padà débẹ̀ títí di ọjọ́ yẹn. Wọ́n jókòó lórí àpótí ẹrù wọn, wọ́n ní: “Bàbá mi wá sí ìlú yìí láìní fóònù, ẹnikẹ́ni ò lù wọ́n ní jìbìtì. Kí ló dé tó jẹ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fóònù ni wọ́n lù?”

Ìtàn ló ní ìdáhùn ìbéèrè yẹn.

Ọkọ̀ ojú irin láti Sekondi dé Kumasi lọ́dún 1903. Èyí tó wá láti Accra dé ibẹ̀ lọ́dún 1923. Òwò gbòòrò, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin, Ṣakí àti Èjìgbò sì ń wọ́ lọ sí Gold Coast, bí wọ́n ṣe ń pe Ghana nígbà náà. Ilé ará ìlú wọn ni wọ́n ń wọ̀ sí. Ẹni tó ti débẹ̀ ṣáájú a gba àlejò sílé, a bá a wá ibi tí yóò pàtẹ sí, a tún fún un lọ́jà àwìn.

Kì í ṣe pé àwọn èèyàn ìgbà náà mọ́ ju tiwa lọ. Olè wà nígbà yẹn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rẹ́ àlejò jẹ ní Kumasi, ìròyìn rẹ̀ yóò délé. Ìyá rẹ̀ yóò gbọ́ ọ lọ́jà, ojú yóò sì ti gbogbo ìdílé. Àwọn àgbà ní ẹni tó yá egbèje tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Orúkọ ni ìdógò.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kúrò ní Ghana. Àwọn èèyàn wa ta ọjà wọn lọ́pọ̀, wọ́n fi gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀, wọ́n gbọ̀nà ilé. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn àjèjì tí kò níwèé, àwọn ọmọ Ghana sì pọ̀ gan-an nínú wọn. Ilé àti ṣọ́ọ̀bù nìkan kọ́ ni a pàdánù. A pàdánù ẹni tí a lè wọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀, tí a sì lè dá lẹ́bi.

Ọ̀nà tún ṣí. Lọ́dún 1979, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí i ní Dakar pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà fún 90 ọjọ́. Lọ́dún 2009, owó orí fóònù bẹ̀rẹ̀ ní Ghana. Lọ́dún 2019, ìjọba Ghana pe àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà lókè òkun wá sílé, oṣù Kejìlá sì di àkókò àríyá. Owó ń fò dé ọwọ́ ẹni tí a ò rí rí, ṣùgbọ́n kò sí ìyá ẹnikẹ́ni lọ́jà tí yóò gbọ́. Àlàfo yìí ni gbájú-ẹ̀ gbà wọlé. Tiwa tilẹ̀ fi Yorùbá kí wa. Ó yá ojú ará ilé lò.

Nítorí náà, ẹ wá ìdógò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹni tó bá ní kí ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Ghana san owó físà, olè ni. Bí aṣojú bá fún yín ní tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ fúnra yín yẹ kóòdù rẹ̀ wò lórí ìkànnì iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú náà, kẹ́ ẹ sì béèrè nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, torí pé wọ́n lè di ìjókòó mú láìtíì sanwó rẹ̀. Bó bá jẹ́ ilé ni, kí onílé pè yín lórí fídíò láti ìta, kó ṣí géètì lójú yín. Bó bá ní ẹ kúrò lórí ìkànnì kẹ́ ẹ wá sanwó sórí fóònù òun, ẹ sá. Èyí tó sàn jù ni kẹ́ ẹ wá ará ìlú yín kan ní Kumasi tí yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ débẹ̀. Àwọn Yorùbá ṣì wà níbẹ̀.

Onílé Dichemso yẹn ló fi èyí hàn wá. Ó fún wa lómi kó tó béèrè ohun tó gbé wa wá, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn Àṣáńtì. Lẹ́yìn náà ló ránṣẹ́ pe bàbá Yorùbá kan ládùúgbò. Bàbá náà béèrè orúkọ bàbá wa àti agbo ilé wọn, ó sì gbé ẹrù wa lọ sílé rẹ̀.

Ọjọ́ tí à ń padà sílé ló tó gbowó lọ́wọ́ wa.