Akíìmù Ọlájùwọ́n àti Patrick Ewing: Ta Ni Ọ̀gá?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí láàrin àwọn tí ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti 1981 títí di 1984. Òmìrán méjì ni gbogbo ènìyàn ń fi wé ara wọn: Akíìmù Ọlájùwọ́n ti Yunifásítì Houston, àti Patrick Ewing ti Yunifásítì Georgetown.

Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọmọ bíbí Amẹ́ríkà. Èkó ni a bí Ọlájùwọ́n sí ní 1963. Sìmẹ́ńtì ni àwọn òbí rẹ̀ ń tà. Ó kàwé ní Muslim Teachers College, Èkó. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ni ó kọ́kọ́ mọ̀. Ó ti di ọ̀dọ́langba kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ní 1980 ni ó dé Houston. Kingston, ní ilẹ̀ Jamaica, ni a bí Ewing sí ní 1962, ṣùgbọ́n láti 1975 ni òun ti wà ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, ó ti ṣíwájú Ọlájùwọ́n dé ìdí eré náà.

Ọ̀nà wọn yàtọ̀. Bí odi ìlú ni Ewing ń dúró lẹ́nu àpẹ̀rẹ̀. Ní ti Ọlájùwọ́n, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá bíi ti ẹni kúkúrú, nítorí ó ti ṣe aṣọ́lé rí nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ní sáà 1983 sí 1984, òun ni ó gba bọ́ọ̀lù tí ó ta padà jù lọ láàrin àwọn yunifásítì: 13.5 nínú eré kọ̀ọ̀kan.

Ní ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 1984, àgbò kan àgbò ní ìlú Seattle, nínú àṣekágbá. Àmì ayò 15 ni Ọlájùwọ́n ní, Ewing ní 10. Síbẹ̀ Georgetown ni ó borí, 84 sí 75, Ewing ni a sì fi ṣe akọni ìdíje náà. Kí ló fà á? Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Reggie Williams nìkan fi 19 kún ti Georgetown, olùkọ́ wọn, John Thompson, sì ń fi ẹni tí ara rẹ̀ le rọ́pò ẹni tí ó bá rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Ní 1994, Ọlájùwọ́n wà nínú ẹgbẹ́ Houston Rockets, Ewing wà nínú New York Knicks. Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n pàdé fún ife-ẹ̀yẹ. Houston borí ní ẹ̀ẹ̀mẹrin. Nínú méjèèje, àmì ayò Ọlájùwọ́n ju ti Ewing lọ.

Ta ni ọ̀gá, nígbà náà? Ẹni tí ó dájọ́ ní 1984 yóò pe Ewing. Ẹni tí ó ní sùúrù di 1994 yóò pe Ọlájùwọ́n. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí fún olùkọ́: ìdánwò ọjọ́ kan kò tó láti fi mọ ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò dé, pàápàá ẹni tí ó pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ní 2008, ọdún kan náà ni a gba àwọn méjèèjì sínú ilé ìrántí àwọn akọni bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra.